Ẹni Tó Bá Fẹ́ Gbèjà Ọmọ, Kó Gbèjà Ìyá Rẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba lórí iṣẹ́ àwọn àjọ alágbàwí ní Surulérè, Yábàá àti Mushin

 

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ ní àdúgbò wa, àti ti àwọn àjọ tí kì í ṣe tìjọba tó ń bá wọn gbẹnu sọ. N kò ní tọ́jú ìdí ọ̀rọ̀ di ìparí. Ohun tó dá mi lójú ni pé alágbàwí tó ń jà fún ọmọ, tí kò jà fún ẹni tó ń bọ́ ọmọ náà, iṣẹ́ ààbọ̀ ló ń ṣe. Bí apá ìyá kò bá ká bùkátà ilé, kò sí òfin tí yóò gbé igbá kúrò lórí ọmọ rẹ̀.

Ohun tí ojú ń rí ní Ojúwòyè

Ẹ jẹ́ kí a gba ọjà Ojúwòyè ní Mushin kọjá ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, nígbà tó yẹ kí gbogbo ọmọ wà ní kíláàsì. Ẹ ó rí ọmọbìnrin tó gbé báàfù píọ̀ wọ́tà rù, tó ń sá tẹ̀ lé dáńfó tó ti fẹ́ gbéra. Sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ó na ọ̀rá omi sí èrò inú ọkọ̀, ó gba owó, ó sì ti ro ṣéńjì kó tó na ọwọ́ padà, láìṣì kọ́bọ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí ẹ fi hàn án, ó ṣeé ṣe kó má mọ̀ pé òun ni.

Àwa tí a wà nínú ọkọ̀ máa ń mi orí, a ó ní, "Irú ìyá wo nìyí?" Ṣé a ti bá ìyá náà jókòó rí? Owó ìsọ̀ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì ń bẹ. Alájọ ń bọ̀ lọ́sàn-án. Owó tó yá lọ́wọ́ àwọn ayánilówó tí a ń pè ní gbọ́mú-lé-làńtà, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un kì í yẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù ń retí owó ilé. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé ìjọba, àmọ́ ta ló ń ra yunifọ́ọ̀mù, ta ló ń ra ìwé àti sálúbàtà, ta ló ń san owó lẹ́sìn? Bí ọmọ bá bá a kiri, ata á tà kó tó jẹrà. Ìyá tó bá ṣe ìṣirò yìí kò kórìíra ọmọ rẹ̀. Ebi ló ń lé e, ó sì ń wá ibi tí yóò sá sí.

Ìjà yìí ti pẹ́ ní Èkó

Kì í ṣe àná ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé Èkó ti ń gbé ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin lọ bá ìjọba. Ìyáàfin Charlotte Obasa kó àwọn obìnrin jọ sínú Lagos Women's League. Ìyáàfin Oyinkan Abayomi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo títí pé kí ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ fún ọmọbìnrin. Queen's College bẹ̀rẹ̀ ní 1927, Abayomi sì bá wọn kọ́ni níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà ló wà ní Yábàá wa yìí lónìí. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìgbàwí kì í so èso.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, ìjọba fi Donald Faulkner ṣe òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò máa bójú tó ìgbé ayé ará ìlú ní Èkó. Òfin lórí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jáde ní 1943. Nígbà tó di 1946, wọ́n de kíkiri ọjà fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri nígboro. Òpìtàn Abosede George tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Making Modern Girls, tó jáde ní 2014. Àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ti ń bẹ̀bẹ̀ tipẹ́ pé kí ìjọba dáàbò bo ọmọbìnrin. Àwọn obìnrin ọjà ní tiwọn fi ẹ̀hónú hàn nígbà tí wọ́n ń kó ọmọ wọn.

Ta ló jàre? Àwọn ọ̀mọ̀wé rí ewu ìgboro: ọkọ̀ tó lè gbá ọmọ, ọkùnrin tó lè fi agbára bá a lòpọ̀. Òótọ́ ni wọ́n rí. Àwọn obìnrin ọjà rí ìkòkò tó wà lórí iná láìsí ohun tí wọn yóò sè nínú rẹ̀. Òótọ́ ni àwọn náà rí. Ìjọba ló fi ọlọ́pàá yanjú ohun tó ń fẹ́ owó. Òfin gbá ọmọ mú, kò sì fi nǹkan kan lé ìyá lọ́wọ́. Ó ti lé ní ọdún 75 báyìí, ọmọ ṣì ń kiri ní Ojúẹlẹ́gbà, ní Surulérè.

Apá òfin tí a kì í gbọ́

Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 1991, ọdún méjì lẹ́yìn tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé gbé e jáde. Ó gbà wá ní ọdún 12 kí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tó jáde ní 2003. Àwọn aṣòfin ti kọ́kọ́ dá a padà. Àwọn àjọ alágbàwí ni kò jẹ́ kó sùn, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, títí ó fi di òfin. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007.

Ẹ bá mi wo abala 15 nínú òfin 2003 yẹn. Ó ní ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ, pé ọ̀fẹ́ ni, pé dandan ni, pé ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ pèsè rẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin tó bá lóyún kó tó parí ìwé, kí wọ́n fún un láàyè láti padà sí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ó wá fi ìyà lé òbí tí kò bá rán ọmọ lọ: ìbáwí àti iṣẹ́ ìlú nígbà àkọ́kọ́, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan nígbà kejì, ₦5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì bó bá tún ṣe é.

Ẹ tún wo òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ìyẹn UBE, ti 2004. Òfin yẹn ní ẹni tó bá gba owó ilé ìwé lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí ní ilé ìwé ìjọba ti ṣẹ̀, ó sì lè san owó ìtanràn tó tó ₦10,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Mushin ló ti gbọ́ pé ìjọba lè mú òun bí ọmọ òun bá ń kiri. Mélòó nínú wọn ló gbọ́ pé òun náà lè fi ẹjọ́ ẹni tó gba owó lọ́wọ́ òun sùn? Ibi tí iṣẹ́ alágbàwí ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òfin tí ìyá mọ ìdajì rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ìdajì tó ń dẹ́rù bà á ló mọ̀, kò tíì di ti ará ìlú.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwa tí a ń gbé ilé tó ní géètì ní Surulérè. Abala 28 Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé kọ̀ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láti gba ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́yìn ilé ẹbí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n mú wá láti abúlé tàbí láti orílẹ̀-èdè Benin, tó ń jí ṣáájú ọmọ wa, tó ń fọ yunifọ́ọ̀mù tí òun kò ní wọ̀ láéláé, ọmọ ẹnìkan ni. A kò lè máa dá ìyá Ojúwòyè lẹ́bi kí ọmọ yẹn máa gbálẹ̀ ní pálọ̀ wa.

Ibi tí iṣẹ́ ti yọrí

Mo fẹ́ kí a mọyì àwọn tó ti ṣe é dáadáa. Ní Surulérè ni Pacelli, ilé ìwé àwọn ọmọ tí kò ríran, tí ìjọ Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1962. Ọmọ ń fi ìka ka ìwé níbẹ̀, ó sì ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ríran ṣe ìdánwò kan náà. Àmọ́ ilé ìwé kan kò lè gba gbogbo ọmọ. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ síwájú ni pé àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn dìde pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún wọn ní 2011. Ti ìjọba àpapọ̀ gbà wọ́n ní ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá kí ààrẹ tó buwọ́ lù ú ní January 2019. Ẹni tọ́rọ̀ kàn ló sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọlé.

Ní Ìdí-Àrábà, lọ́kánkán ilé ìwòsàn LUTH, ẹ ó rí Sickle Cell Foundation tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1994. Ọmọ tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń ṣe kì í nìkan ṣàìsàn. Bí ìrora egungun bá gbé e lóru, ìyá á gbé e dé ilé ìwòsàn, ìsọ̀ á sì wà ní títì títí ara ọmọ yóò fi balẹ̀. Ọjà tó yẹ kó fi sanwó oògùn ló ń bàjẹ́ nígbà tó ń tọ́jú ọmọ. Tó bá yá, àwọn àna á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bíi pé òun nìkan ló gbé àrùn wọlé, bẹ́ẹ̀ baba àti ìyá ni í pín in fún ọmọ. Nǹkan bí ẹnìkan nínú ẹni mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ìyẹn àwọn tó lè pín in fún ọmọ láìjẹ́ pé àrùn náà ń ṣe wọ́n. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àjọ yẹn fi wù mí: wọ́n ń pe baba àti ìyá jókòó, wọ́n ń ṣàlàyé fún wọn, wọ́n ń dá àwọn agbaninímọ̀ràn lẹ́kọ̀ọ́. Ẹbí ni wọ́n ń tọ́jú.

Ní Màkókò, lápá Yábàá, ọdún 2012 kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ tó korò. Ní oṣù July, ìjọba ìpínlẹ̀ fún àwọn tó ń gbé lórí omi ní wákàtí 72 kí wọ́n kó jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé. Ìbọn ọlọ́pàá pa Timothy Hunpoyanwa, ọ̀kan lára àwọn olórí àdúgbò náà. Ọdún yẹn kan náà ni Otto Orondaam bẹ̀rẹ̀ Slum2School níbẹ̀, láti mú àwọn ọmọ Màkókò wọ ilé ìwé. SERAC, àjọ tó ti ń jà fún ẹ̀tọ́ ilé gbígbé láti 1995, dúró ti àwọn ará àdúgbò. Wọ́n jọ ya àwòrán bí Màkókò àti Ìwáyà ṣe lè di ọ̀tun láìlé ẹnikẹ́ni lọ, wọ́n sì gbé e fún ìjọba. Iṣẹ́ méjèèjì ló ṣe kókó. Ọmọ tó ní àga ní kíláàsì, tí wọ́n wó ilé baba rẹ̀ lóru, àga yẹn yóò ṣófo láàárọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀

Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ń bọ̀ ní gbogbo May 27. Bó bá ti dé, a ó rí ìrẹsì, a ó rí fáànẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ orúkọ àjọ sí, a ó sì rí kámẹ́rà. Mi ò bínú sí ìrẹsì, ẹni ebi ń pa yẹ kó jẹun. Ohun tó ń dùn mí ni ojú ọmọ tí a gbé jáde kí gbogbo ayé lè rí òṣì rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti àdúgbò rẹ̀. Abala 8 Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀ àti ti ẹbí rẹ̀. Ọmọ yẹn yóò dàgbà, yóò wá iṣẹ́, yóò fẹ́ ìyàwó, àwòrán yẹn yóò sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gbèjà ọmọ kì í fi ọmọ tọrọ owó.

Ohun tó kàn

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a gbájú mọ́ káńsù. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 fi ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì fún un ní ipa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní July 11, 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a lẹ́jọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, alága káńsù Mushin, ti Surulérè àti ti Lagos Mainland gbọ́dọ̀ lè sọ fún wa iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ nínú ètò ìṣúná wọn. Kí àwọn àjọ gba ìwé ìṣúná náà, kí wọ́n kà á sí etí ará ọjà ní Yorùbá, kí wọ́n sì padà wá bèèrè iṣẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Èkejì, owó ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ gbọ́dọ̀ kan ọwọ́ ìyá. Bí ẹ bá san owó ìwé ọmọ tó ń kiri, ẹ rò ó wò: ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ ta ọjà láàárọ̀? Àjọ tó bá fi owó díẹ̀ tí kò ní èlé kún ọjà ìyá, kó lè dá ta á, ti gbé báàfù kúrò lórí ọmọ láìpe ọlọ́pàá.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ẹni tọ́rọ̀ kàn wà níbi tí a ti ń pinnu. Ìpàdé aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ní gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù kò lè rí ìyá Ojúwòyè. Ẹ lọ bá a lọ́jà nígbà tí ọjà bá ti tú, ẹ jókòó sórí àpótí rẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ojú kan ni í bímọ, igba ojú ni í wò ó. Igba ojú yẹn ni àwa tí a wà níbí. Ẹ̀yin àjọ alágbàwí, ìpàdé ìgbìmọ̀ yín tó ń bọ̀, ẹ fi ìyá méjì láti inú ọjà sínú rẹ̀, kí wọ́n ní ìbò bíi tiyín. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ fi owó sẹ́yìn òfin tí ẹ ṣe. Ẹ̀yin òbí tí ẹ gbọ́ mi, ẹ̀kọ́ ọmọ yín kì í ṣe ojú àánú tí ẹnikẹ́ni fi wò yín. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ bèèrè fún un.