Obìnrin tí a ti fi Abẹ Gbẹ̀bí rẹ̀ Rí, àti Ọmọ Kékeré tí ó Wà nínú rẹ̀

Ọ̀ràn tí a ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí jẹ́ èyí tí a sábà máa ń sọ ní wúyẹ́wúyẹ́. Obìnrin kan ti bímọ nípa iṣẹ́ abẹ. Ó tún lóyún. A sì wí fún un pé ọmọ inú rẹ̀ kò tóbi. Ó wá ń bi ara rẹ̀ pé, Níwọ̀n bí ọmọ yìí ti kéré, èmi kò ha lè bí i fúnra mi bí? Ó yẹ kí a dá a lóhùn dáadáa, nítorí ẹ̀mí méjì ni ó rọ̀ mọ́ ìdáhùn náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ̀rù ọ̀ràn yìí ti wá. Láyé àtijọ́, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù kì í sábà rán ilé ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n bá là á, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó sì ń kú. Ní ọdún 1882 ni Max Sänger, ará Jámánì, kọ ìwé láti fi hàn bí a ṣe lè fi òwú rán an kí ó sì mọ́ra. Láti ìgbà náà ni ìrètí àtilóyún mìíràn ti wà fún ẹni tí a là. Ṣùgbọ́n abẹ ìgbà náà a máa la ilé ọmọ lóòró, ní apá òkè níbi tí ẹran rẹ̀ nípọn tí ó sì ń fún gidigidi nígbà ìrọbí. Irú àpá bẹ́ẹ̀ a sì máa ya. Nígbà tí Edwin Cragin ń bá àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní New York ní ọdún 1916, ó wí fún wọn pé ẹni tí a bá là lẹ́ẹ̀kan, lílà ni a ó máa là á. Ìkìlọ̀ ni ó ń ṣe, kí wọn má baà máa yára mú abẹ. Àwọn tí ó gbọ́ ọ ni ó sọ ọ́ di òfin.

Láti ọdún 1921 ni Munro Kerr, ní ìlú Glasgow, ti tẹnu mọ́ ọn pé kí a máa la ilé ọmọ níbùú, ní apá ìsàlẹ̀ níbi tí ó fẹ́lẹ́. Àpá ibẹ̀ a máa jinná dáadáa, irú rẹ̀ ni ó sì wọ́pọ̀ jù lónìí. Ní ọdún 1980, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan jókòó ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì gbà pé ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní irú àpá yìí lè gbìyànjú láti bímọ láti ojú ara. Nínú 100 tí ó bá gbìyànjú, nǹkan bí 72 sí 75 ni ó ń yọrí sí rere. Ẹni tí ó ti bímọ láti ojú ara rí, ìrètí tirẹ̀ tó 85 sí 90. Ewu ibẹ̀ ni pé kí àpá ya nígbà ìrọbí: nínú 200 obìnrin tí ìrọbí dé bá fúnra rẹ̀, nǹkan bí ẹyọ kan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹyọ kan nínú 200 lè dún bí nǹkan kékeré létí yín. Ní ilé ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí, kò kéré.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ jù lọ. Àpá tí ó wà lára awọ ikùn kì í ṣe ẹlẹ́rìí fún àpá tí ó wà lára ilé ọmọ. A lè la awọ níbùú kí a sì la ilé ọmọ lóòró. Ta ni a sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún? Ẹni tí oṣù ọmọ rẹ̀ kò pé ni. Apá ìsàlẹ̀ ilé ọmọ kì í tíì gbòòrò nígbà tí oyún kò tíì tó oṣù méje. Dókítà tí ó fẹ́ yọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ṣàìrí àyè níbẹ̀, kí ó sì gba òkè. Nítorí náà obìnrin tí ó ń wí pé ọmọ òun àkọ́kọ́ kéré bí ẹyẹ, pé ti èyí pẹ̀lú kò ní ṣòro, òun gan-an lè jẹ́ ẹni tí kò yẹ kí ó rọbí rárá.

Jẹ́ kí a wá gbà pé àpá rẹ̀ wà níbùú ní ìsàlẹ̀. Ọmọ kékeré ha ràn án lọ́wọ́ bí? Bẹ́ẹ̀ ni, níwọ̀n. Ọmọ tí ó ju kílò 4 lọ a máa dín ìrètí kù, èyí tí ó fúyẹ́ a sì máa fi kún un. Bí ó bá ṣe pé ọmọ ńlá tí kò lè gba egungun ìbàdí kọjá ni ó mú kí a là á nígbà àkọ́kọ́, tàbí pé ìgè ni ti ìgbà náà, tí eléyìí sì dorí kodò, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ jù ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ṣí kò sọ pé ẹni tí yóò rìn ín lágbára. A gbọ́dọ̀ béèrè ìdí tí ọmọ náà fi kéré.

Bí ó bá kéré nítorí pé oṣù rẹ̀ kò pé, ìrètí àtibí i láti ojú ara kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ẹlòmíràn, àpá kì í sì í tètè ya; ibi tí a ó ti tọ́jú ọmọ lẹ́yìn ìbí ni kí a máa rò. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá pé tí ọmọ sì rù, ó ṣeé ṣe kí ibi ọmọ máà bọ́ ọ yó, bóyá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá, bóyá nítorí ibà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní àfipamọ́. Ìgbàkígbà tí ilé ọmọ bá fún, ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ a máa dínkù fún ìgbà díẹ̀. Ó dà bí ẹni tí a ń tẹ orí rẹ̀ bọ omi tí a sì ń fà á yọ. Ẹni tí èémí rẹ̀ gùn yóò fara dà á. Ọmọ tí ó ti ń ṣàìrí jẹ lè ṣàìlè fara dà á. Àyàfi kí a máa gbọ́ lílù ọkàn rẹ̀ láìdáwọ́dúró ni a fi lè jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rọbí. Nígbà mìíràn irú ọmọ yìí kò lè dúró de ọjọ́ rẹ̀, oògùn tí a sì fi ń pe ìrọbí a máa sọ ewu yíya àpá di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Bí dókítà bá wí níbẹ̀ pé abẹ ni ó dára jù, kì í ṣe ìkà ni ó ń ṣe.

Àwọn ìyá àgbà kan a máa gba aboyún níyànjú pé kí ó dín oúnjẹ kù kí ọmọ má baà tóbi jù. Mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́ nínú èyí. Ebi kì í mú egungun ìbàdí fẹ̀.

N kò wí pé kí a máa la gbogbo ènìyàn. Abẹ lẹ́yìn abẹ ní owó tirẹ̀: ibi ọmọ lè wá jókòó sórí àpá àtijọ́ kí ó sì wọ inú rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dà bí a bá fẹ́ yọ ọ́. Bí ibi ọmọ bá dí ẹnu ọ̀nà, èyí ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí 11 nínú 100 nígbà iṣẹ́ abẹ kejì, àti 40 nígbà ìkẹta. Kí ẹni tí ó ṣì ń fẹ́ ọmọ púpọ̀ rò ó.

Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni ìtìjú. A máa ń gbàdúrà pé kí àwọn aya wa bí bí àwọn obìnrin Hébérù, àdúrà náà sì dára. Ṣùgbọ́n ó ti mú kí ẹlòmíràn tí a là rò pé òun kùnà. Nígbà tí ó tún lóyún, ó lọ sí ilé agbẹ̀bí tí kò ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ó sì fi àpá rẹ̀ pamọ́. Ìwádìí tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí a bí, nǹkan bí 39 ni a bí ní ilé ìwòsàn. Agbẹ̀bí rere lè gbẹ̀bí ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àpá tí ó bá ya kọjá agbára rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni ìrora tí kò dáwọ́ dúró láàrin ìrọbí kan sí èkejì, ẹ̀jẹ̀, tàbí ìrọbí tí ó ṣàdédé dúró; ṣùgbọ́n lílù ọkàn ọmọ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìṣẹ́jú ni a ń kà. Bí a bá ní kí a wá mọ́tò, kí a wá owó, kí a wá ẹni tí yóò fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, a kò ní gbóhùn ọmọ, a sì lè ṣàìgbóhùn ìyá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ, kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé, ẹ wá ìwé tí a kọ iṣẹ́ abẹ ìṣáájú sí: bí a ṣe la ilé ọmọ, ìdí tí a fi là á, àti ọjọ́ rẹ̀, nítorí oyún tí ó bá tẹ̀ lé abẹ kíákíá a máa fi kún ewu. Ẹ mú un fún dókítà ní ilé ìwòsàn tí a ti lè la obìnrin tọ̀sán tòru. Bí ó bá sọnù, ẹ padà síbi tí a ti là á kí ẹ sì béèrè. A máa ń kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ńlá yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí a kò bá rí i níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ sọ fún dókítà iye oṣù tí oyún náà pé nígbà tí a là á, nítorí láti inú èyí ni ó ti lè mọ irú àpá tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́.