Àwòrán Tí Ó Dáhùn Lẹ́tà

Ọmọ ọdún 16 ni Charles Russell nígbà tí ó dé ilẹ̀ Montana, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1880, tí ó sì di darandaran. Ní ìgbà òtútù 1886 sí 1887, yìnyín bo koríko mọ́lẹ̀. Màlúù ń kú lọ bẹẹrẹ. Ẹni tí ó ni agbo kọ̀wé béèrè ipò tí wọ́n wà. Russell ya màlúù kan ṣoṣo, tí ó rù kan egungun, tí àwọn ìkookò ń dúró de ikú rẹ̀. Àwòrán kékeré yìí ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ní 1912, ó ya ìpàdé Lewis àti Clark pẹ̀lú àwọn onílẹ̀ ní 1805, fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Montana. Ó kú ní 1926, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ṣì ń jẹ́rìí.