Títì Ta Ni Ká Kọ́kọ́ Ṣe?

Bí owó tí ó wà lọ́wọ́ ìlú bá tó títì mẹ́ta péré ṣe, tí àdúgbò mẹ́wàá sì ń ké pé tàwọn ni ó bàjẹ́ jù, ta ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn? Ṣé ẹni tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù ni, tàbí ẹni tí ó mọ ènìyàn ńlá?

Ní ọdún 1989, ìlú Porto Alegre ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Brazil bẹ̀rẹ̀ ètò kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn aláṣẹ pe ará ìlú jọ, wọ́n ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ iṣẹ́ tí ó yẹ kí owó ìlú kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí ó yá, wọ́n pín ìlú sí agbègbè 16. Agbègbè kọ̀ọ̀kan a ṣe ìpàdé, a to àìní rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, a sì yan aṣojú. Títì ọlọ́dà wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè jù. Wọn kò fi ariwo pín owó náà. Wọ́n ń wo iye ènìyàn tí ó wà ní agbègbè, bí àìní ibẹ̀ ti pọ̀ tó, àti ohun tí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn fi ṣe àkọ́kọ́.

Ní tiwa ńkọ́? Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka títì àdúgbò, gọ́tà àti iná ojú pópó mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má dúró di ìgbà tí òjò bá dé. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ ka iye àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, àwọn tí ń gun ọ̀kadà, àti mọ́tò tí ń kọjá. Ẹ̀yin àgbà, ẹ kó iye náà lọ síwájú káńsù kí wọ́n tó ṣètò owó ọdún. Ẹ rántí pé ọlọ́kọ̀ lè yà gba ibòmíràn. Aboyún tí ń fi ẹsẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kò rí ibi yà sí.

Bí ẹ bá sì rí i pé ti àdúgbò kejì burú ju tiyín lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tiwọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.