Wáyà Tó Gba Orí Abúlé Kọjá

 

Nínú gbogbo odò ayé, Amazon nìkan ló ń tú omi sínú òkun ju odò Congo lọ. Ní Inga, níbi tí Congo ti ń já wálẹ̀ láàárín àpáta kó tó dé òkun, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣírò pé iná tó ṣeé fà níbẹ̀ tó 40,000 mẹ́gáwáàtì. Dáàmù méjì ló wà níbẹ̀, ti 1972 àti ti 1982. Agbára méjèèjì lápapọ̀ kò pé 1,800.

Ibi tó dunni jù ṣì ń bọ̀. Wọ́n na wáyà alágbára kan láti Inga dé Kolwezi, ìrìn nǹkan bí 1,700 kìlómítà, kí iná lè dé ibi tí wọ́n ti ń wa kọ́pà ní Katanga. Wáyà náà gba orí igbó, ó gba orí oko, ó gba orí abúlé lẹ́yìn abúlé, kò sì fún wọn níná. Irú iná tó ń gbé kì í ṣe èyí tí tiransifọ́mà lásán lè fà wọlé; ilé ẹ̀rọ olówó ńlá ló ń yí i padà, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ni wọ́n sì kọ́ ọ sí. Ẹni tó ń gbé abẹ́ rẹ̀ lè fi òpó náà júwe ilé fún àlejò, síbẹ̀ àtùpà ni yóò tàn lálẹ́. Iṣẹ́ náà kò bàjẹ́ o. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ń ṣe.

Nínú ọmọ Congo-Kinshasa, orílẹ̀-èdè tó ni Inga, márùn-ún lónìí, bí ẹnì kan ló ní iná mànàmáná.

Láti 1998 ni Lesotho náà ti ń ta omi dáàmù Katse fún agbègbè Johannesburg, nígbà tí àwọn obìnrin abúlé orí òkè rẹ̀ ṣì ń pọn omi ìsun.

Ti oúnjẹ kò yàtọ̀. Ìyàn mú ní Bengal, nílẹ̀ Íńdíà, ní 1943, ó sì pa ènìyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́ta. Amartya Sen, onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998, jẹ́ ọmọdé níbẹ̀ nígbà náà. Nínú ìwé tó kọ ní 1981, ó ṣàlàyé pé ìrẹsì ọdún náà ju ti 1941 lọ, ọdún tí ìyàn kò mú. Owó ìrẹsì ló fò sókè, tí owó iṣẹ́ àwọn alágbàṣe oko kò lè lé e bá.

Kí ọmọ Nàìjíríà má ṣe káàánú àwọn ẹlòmíràn nìkan. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ní gáàsì tó tiwa, láti 1999 sì ni ọkọ̀ òkun ti ń kó o ní Bonny lọ sókè òkun. Ní 2021, Báǹkì Àgbáyé sọ pé mílíọ̀nù 85 ọmọ Nàìjíríà ni kò ní iná ìjọba, iye tí kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn láyé.

Lára ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tó gba ìwé ẹ̀rí lónìí, onímọ̀ ẹ̀rọ tí yóò ya ọ̀nà wáyà wà, agbẹjọ́rò tí yóò kọ àdéhùn wà, oníṣirò tí yóò ka owó rẹ̀ náà wà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé, ẹ ní kí wọ́n ka orúkọ gbogbo abúlé tó wà lójú ọ̀nà, kí wọ́n sì kọ iye tí yóò ná wọn láti fa iná débẹ̀ sínú ìwé kan náà.