Lẹ́yìn Tí A Bá Ti Kóòtù Bọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó délẹ̀ fún wa lónìí ni ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, òfin àgbáyé tí ó ń lò, àti iṣẹ́ ìlàjà. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ òfin. Òwe kan ni ó fà mí wọ̀ ọ́. Àwọn àgbà wa a máa wí pé: “A kì í ti kóòtù bọ̀ kí á ṣọ̀rẹ́.” Mo fẹ́ kí á yẹ òwe yìí wò, kí á sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ọgbọ́n wà nínú òwe náà. Bí ọmọ ìyá méjì bá gbé ara wọn lọ sí kóòtù nítorí ilẹ̀ bàbá wọn, ẹni tí ó jàre yóò gba ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè pàdánù arákùnrin rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ràn kí àgbà jókòó, kí ó gbọ́ tọ̀tún tòsì, kí ó sì parí ìjà. Bí ó ti wù kí ó rí, mo ti ṣe àkíyèsí pé ẹni tí ó lágbára jù ni ó sábà máa ń pa òwe yìí. Onílé a pa á fún ayálégbé tí ó kó ẹrù rẹ̀ síta lóru. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ a pa á fún lébìrà tí ẹ̀rọ gé ní ìka. “Ẹ jẹ́ kí á yanjú rẹ̀ láàárín ara wa.” Nígbà tí a bá yanjú rẹ̀ tán, ìka kò padà, owó ìtọ́jú kò sì tó nǹkan.

Ní Ìkẹjà àti Agége, èyí kì í ṣe àlọ́. Láti ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ni a ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà, Agége sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọn fi ṣe ibùgbé. Ní ìparí ọdún 1970, ìgbìmọ̀ tí Olóyè Simeon Adébọ̀ jẹ́ alága fún dábàá àfikún owó fún òṣìṣẹ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà wí pé kò kan àwọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971 àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìjọba ológun ti fi òfin de ìdaṣẹ́sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba yí ọ̀rọ̀ padà, tí ó ní kí gbogbo wọn san án. Ìgbà tí ẹ̀rọ dákẹ́ ni a tó gbọ́ ohùn ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ ìlàjà fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wá ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò fún iṣẹ́ ẹni tí ó bọ́ sí àárín oníjà, mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń mú wá: làjà, parí ìjà, àti pẹ̀tù sí ááwọ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó ń pẹ̀tù sí ááwọ̀ ń fi ọ̀rọ̀ tútù rọ ọkàn tí ó gbóná. Ẹni tí ó parí ìjà ti mú un dé òpin. Ṣùgbọ́n là àti ìjà ni ó di làjà: kí á la àwọn oníjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí onílàjà kọ́kọ́ ń ṣe ni kí ó di ọwọ́ ẹni tí ó ń lu èkejì mú. Bí kò bá tíì dì í mú, tí ó wá ń wí fún ẹni tí à ń lù pé kí ó ṣe sùúrù, kò làjà. Ó ń bá wọn lù ú ni.

Agbẹjọ́rò kan gbé ní Ìkẹjà tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ dídi ọwọ́ mú yìí. Olóyè Gàní Fáwẹ̀hìnmi ni, tí a bí ní ọdún 1938, tí ó sì di olóògbé ní ọjọ́ 5, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2009. Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹwàá, ọdún 1986, ìwé kan tí a di bọ́ǹbù sínú rẹ̀ pa oníròyìn Délé Gíwá nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Fáwẹ̀hìnmi ni agbẹjọ́rò rẹ̀. Nígbà tí ìjọba kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ó ní òun yóò pe àwọn tí òun fura sí fúnra òun. Wọ́n bi í ní kóòtù pé kí ni tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹjọ́ náà gòkè títí, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní ilẹ̀ wa sì dáhùn ní oṣù kejìlá ọdún 1987 pé ọ̀ràn tí a dá sí ọmọ ìlú kan, gbogbo ọmọ ìlú ni ó kàn. Títí di òní, a kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú Gíwá. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn tí ìdájọ́ náà ṣí, a kò tì í mọ́.

Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ikú náà, ní ọjọ́ 21, oṣù kẹwàá, ọdún 1986, Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kì í ṣe àlejò ní ìlú wa. Èkó níhìn-ín ni àwọn amòfin Áfíríkà ti pàdé ní oṣù kìíní ọdún 1961, tí wọ́n sì kọ́kọ́ béèrè pé kí a ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ogún ọdún kọjá kí àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i ní Nairobi, ní ọdún 1981. Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin ara rẹ̀ ní ọdún 1983. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lò ó?

Ní ìdájí ọjọ́ 30, oṣù kìíní, ọdún 1996, àwọn òṣìṣẹ́ ààbò ìjọba Ọ̀gágun Abacha wọ ilé Fáwẹ̀hìnmi ní GRA, Ìkẹjà, wọ́n sì mú un lọ láìsí ìwé àṣẹ. Ẹ̀wọ̀n Bauchi ni wọ́n gbé e lọ. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ gbé Ìwé Àdéhùn náà lọ sí kóòtù. Kóòtù àkọ́kọ́ ní dìkíríì ológun ti di òun lọ́wọ́. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rí i lọ́nà mìíràn ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹrin, ọdún 2000, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ wí pé àdéhùn tí a ti sọ di òfin ilẹ̀ wa ní agbára ju òfin lásán lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ga ju Òfin-Ìpìlẹ̀ lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Òfin àgbáyé kò sọ̀kalẹ̀ láti òkè òkun. Ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Ìkẹjà ni ó gbà wọlé.

Ìwé Àdéhùn yìí kan náà kò kọ ìlàjà. Ó ní kí àjọ tí ń bójú tó o, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Banjul, kọ́kọ́ wá ọ̀nà àlàáfíà bí orílẹ̀-èdè kan bá fi ẹjọ́ èkejì sùn. Ṣùgbọ́n ó fi gbólóhùn kan dè é: àlàáfíà náà gbọ́dọ̀ dúró lórí ọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́. Dídi ọwọ́ mú ni ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á wo agbẹjọ́rò kejì, tí ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Ọmọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, ni Mínísítà fún Ètò Ìdájọ́ ní ìgbà tí Fáwẹ̀hìnmi ń bá àwọn ènìyàn ìjọba ṣe ẹjọ́ Gíwá. Ẹ̀gbẹ́ òdìkejì tábìlì ni ó jókòó sí, a kò sì gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ní ìgbà tirẹ̀ náà ni òfin nípa ìlàjà láìdé kóòtù jáde ní ọdún 1988. Ó di adájọ́ ní Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú Hague láti 1991 títí di 1994.

Ní ọdún 1994 ni Kamẹrúùnù pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ níbẹ̀ nítorí Bakassi. Ajíbọ́lá bá wọn jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ tí Nàìjíríà yàn. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹwàá, ọdún 2002, adájọ́ 13 fún Kamẹrúùnù ní Bakassi, 3 kò gbà; Ajíbọ́lá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn 3 náà. Kí ni ó ṣe lẹ́yìn náà? Ọkùnrin tí ó ti kọ ìdájọ́ yẹn ni ó ṣe olórí ikọ̀ Nàìjíríà nínú ìgbìmọ̀ tí Kofi Annan dá sílẹ̀ pé kí wọ́n mú ìdájọ́ náà ṣẹ. Wọ́n ń pàdé láti oṣù kejìlá ọdún 2002. Àdéhùn wáyé ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 2006, Nàìjíríà sì fa ilẹ̀ náà lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ pátápátá ní ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, ọdún 2008. Ọ̀pọ̀ tí ń gbé Bakassi fi ojú sunkún, wọ́n sì pàdánù ilé. Ẹni tí ó bá ń yin àlàáfíà yìí kò gbọdọ̀ gbàgbé wọn. Síbẹ̀, orílẹ̀-èdè méjì ti kóòtù bọ̀, wọn kò sì jagun. Ajíbọ́lá papò dà ní oṣù kẹrin ọdún 2023.

Níbo wá ni òwe wa dúró sí? Ó dúró ní ààyè rẹ̀ láàárín ọmọ ìyá tí agbára wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹnìkan ti di ẹnìkejì lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, òwe mìíràn ni ó yẹ kí á pa: “Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.” Kóòtù ni ibi tí a ti lè fi tipátipá mú alágbára kí ó gbọ́ ohùn aláìlágbára. Nígbà tí ó bá ti gbọ́ ọ ni ìlàjà tó lè bẹ̀rẹ̀. Fáwẹ̀hìnmi di ọwọ́ mú; Ajíbọ́lá, nígbà tí a ti dájọ́ tán, padà wá jókòó. Iṣẹ́ kan ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Bí lébìrà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bá wá bá yín, kí ni ẹ ó sọ fún un? Èmi yóò ní kí ó kọ́kọ́ mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí ó mú un dání, kí ó tó jókòó ti ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ jẹ́ agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu àwọn tí ó jókòó tì mí.