Orúkọ Ara Àpò Gàrí: Ta Ni Ó Ni Ín?

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti kòkòrò. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Ẹ lè sọ pé, "Kí ló kan òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ orúkọ?" Ó kàn mí, nítorí àwa náà là ń gbà yín níyànjú pé kí ẹ má máa ta gbogbo ẹ̀gẹ́ yín ní tútù lóko. À ń ní kí ẹ sọ ọ́ di gàrí àti láfún, kí ẹ dì í sínú àpò tó mọ́, kí ẹ sì kọ orúkọ sí i lára kí àwọn oníbàárà Ìbàdàn àti Èkó lè dá a mọ̀. Ọjọ́ tí àwọn ará ọjà bá ti ń béèrè orúkọ yẹn ni ó ti di ohun ìní bí ilẹ̀ oko. Ohun ìní tí kò bá sì ní ìwé, ìjà ló máa ń dá sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní bàbá kan ní Akínmọ́rìn ní oko ẹ̀gẹ́, ó sì pe oko náà ní Adùn-Oko. Ìyàwó rẹ̀ ń yan gàrí tà, òun náà ń kọ Adùn-Oko sára àpò tirẹ̀. Àwọn aládùúgbò wọn dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ náà máa jẹ́ Adùn-Oko, nítorí pé orúkọ náà tà. Bàbá nìkan ló gba ìwé, ó sì rò pé ìwé kan náà bo gbogbo wọn.

Kò bò wọ́n. Bí wọ́n tilẹ̀ ń jẹun nínú àwo kan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú òfin. Bí oníbàárà bá kọ sọ̀wédowó sí orúkọ ẹgbẹ́, kò tọ́ kí ó wọ inú àkáǹtì bàbá. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ yá owó ní báńkì, wọn kò lè mú ìwé bàbá lọ. Bí bàbá bá sì kú, àwọn ọmọ lè dìde pé bàbá àwọn ló ni orúkọ, kí ẹgbẹ́ lọ wá òmíràn. Nígbà náà, àpò ẹgbẹ̀rún tí wọ́n ti tẹ orúkọ sí lára di ẹrù inú ilé.

Irú ìforúkọsílẹ̀ mẹ́ta ló wà tí ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀.

Èkínní ni orúkọ òwò. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní CAC ló ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òfin ọdún 1990 ló dá àjọ náà sílẹ̀. Òfin ọdún 2020 ló rọ́pò rẹ̀ tí a ń lò báyìí. Bí ó bá jẹ́ orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé yín nìkan ni ẹ fi ń ṣòwò, kò di dandan kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orúkọ mìíràn, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é láàárín ọjọ́ 28 tí òwò bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: orúkọ òwò kò yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín. Gbèsè tí òwò bá jẹ, gbèsè yín ni. Ó lè dé orí ilé àti ilẹ̀ yín.

Èkejì ni kọ́ńpínnì, èyí tí ẹ máa ń rí "Limited" ní ìdí orúkọ rẹ̀. CAC náà ló ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni ọ̀tọ̀ ni lójú òfin. Ó lè ní ilẹ̀, ó lè jẹ gbèsè, ó sì lè pe ènìyàn lẹ́jọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni òfin yìí ti wá. Oníbàtà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Aron Salomon, sọ òwò bàtà rẹ̀ di kọ́ńpínnì ní ọdún 1892. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún nìkan ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí kọ́ńpínnì náà wọ gbèsè, wọ́n fẹ́ kí Salomon fúnra rẹ̀ san án. Ní ọdún 1896, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá a pé Salomon ọ̀tọ̀, kọ́ńpínnì rẹ̀ ọ̀tọ̀. Òfin ọdún 2020 ti gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá kọ́ńpínnì aládàáni sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Bí ẹni náà bá kú, kọ́ńpínnì kò kú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé onídùúró fún un ní báńkì, gbèsè yẹn ti di tiyín nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Eléyìí kì í ṣe ti CAC; ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni, lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Láti ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ tó bá ti gba ìwé ẹ̀rí náà di ẹni ọ̀tọ̀: ohun ìní rẹ̀ kì í ṣe ti alága, kì í ṣe ti akápò.

Ẹ má sì rò pé tí ẹ bá ti gba ìwé CAC, ó parí. Ní Onítṣà, ilé ìtajà oògùn kan wà tí ń jẹ́ Niger Chemists. Àwọn mìíràn wá ṣí tiwọn sí òpópónà kan náà, wọ́n pè é ní Nigeria Chemists. Ọ̀rọ̀ dé kọ́ọ̀tù ní ọdún 1961. Adájọ́ ní orúkọ méjèèjì jọra débi tí ó lè ṣi àwọn oníbàárà lọ́nà, ó sì dá àwọn tó dé lẹ́yìn dúró. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ orúkọ tó súnmọ́ ti ẹlòmíràn, ẹ má sì dákẹ́ bí ẹlòmíràn bá ń súnmọ́ tiyín.

Bí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ àti àwòrán ara àpò yín ní ààbò tó nípọn, àmì ọjà ni ẹ ó lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Àbújá, lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òwò. Kì í ṣe CAC. Ọdún 7 ni ìwé àkọ́kọ́ ń lò, lẹ́yìn náà ẹ ó máa sọ ọ́ dọ̀tun ní ọdún 14, 14.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti NAFDAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1993. Nọ́ńbà tí wọ́n fún gàrí ìyàwó, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ibi tó ti ń ṣe é wò, kì í ṣe ti gàrí ẹgbẹ́ tí wọ́n yan ní ibòmíràn. Ẹ má yá ara yín ní nọ́ńbà. Ẹjọ́ ni.

Kí wá ni Adùn-Oko ó ṣe? Kí kálukú gba ìwé tirẹ̀, kí wọ́n sì fẹnu kò sórí ẹni kan tó ni orúkọ. Ẹni náà ni yóò fún àwọn yòókù láṣẹ láti lò ó. Kí wọ́n kọ àdéhùn náà sílẹ̀, kí lọ́yà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i. Àwọn ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọnù nínú rẹ̀ nìyí:

1. Ta ni ó ni orúkọ, ta ni a fún láṣẹ láti lò ó?
2. Ọjà wo ni wọ́n lè kọ ọ́ sí? Gàrí nìkan ni, àbí láfún àti èlùbọ́ náà?
3. Báwo ni ọjà náà ṣe gbọ́dọ̀ dára tó? Gàrí tí kò gbẹ tàbí tó ní iyanrìn yóò ba gbogbo yín lórúkọ jẹ́.
4. Eélòó ni wọn ó máa san, ọdún mélòó sì ni àṣẹ náà ó fi wà?
5. Bí ẹ bá pínyà, tàbí tí ẹni tó ni orúkọ bá kú, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?

Kí ẹ tó tẹ àpò, ẹ kọ́kọ́ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC bóyá orúkọ náà ṣì wà nílẹ̀. Ẹ mú orúkọ méjì dání, bí wọn kò bá gba ọ̀kan, wọ́n lè gba èkejì. Orúkọ kọ́ńpínnì tí wọ́n bá bá yín dì mú, ọjọ́ 60 ló ní. Ẹ rí i pé bí wọ́n ṣe kọ orúkọ sínú ìwé ẹ̀rí náà ni ẹ kọ ọ́ sí báńkì àti sára àpò, lẹ́tà kan kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Bí ẹnì kan bá bá yín ṣe é, ẹ padà lọ wò ó fúnra yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC, nítorí ayédèrú ìwé ń bẹ níta. Ẹ sì máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí wọn.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ pe ìyàwó, ẹ pe àwọn ọmọ, ẹ pe ẹgbẹ́ jọ nígbà tí inú gbogbo yín ṣì dùn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìjà bá ti dé, kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ fọwọ́ sí ìwé mọ́.