Ọmọ Ló Gbẹ̀yìn: Oyè Ìjàkadì Ẹlẹ́ni-Méjì ti Japan àti Ọmọ Èkó Tó Gbà Á

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi pé rẹ́sílìn ni mo fẹ́ wá sọ̀rọ̀ lé lórí ní Ṣómólú, ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Ṣèyí, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí ẹ kà yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n wí àwíjàre mi.

Orúkọ kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: Tolúlọpẹ́ Ọmọgbẹ̀hìn. Èkó yìí ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1994. Ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 3 ni gíga rẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì South Florida àti ní Morgan State ní Amẹ́ríkà kí àwọn oníjàkadì tó rí i, tí wọ́n sì ń pè é ní Omos. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2025, nínú gbọ̀ngàn Nippon Budokan ní Tokyo, òun àti Jack Morris, ọmọ Scotland, gba oyè ẹlẹ́ni-méjì tí wọ́n ń pè ní GHC lọ́wọ́ Naomichi Marufuji àti Takashi Sugiura. Ọ̀pọ̀ nínú yín ò gbọ́. Mi ò bá yín wí. Àárín àwa àti Tokyo tó wákàtí mẹ́jọ, àárọ̀ Ọdún Tuntun ni níhìn-ín, oorun ìṣọ́ òru ṣì wà lójú wa.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé, ni pé ìtàn oyè yìí, ìtàn ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ni, àti ti àjọṣe tó ń so pọ̀ tó sì ń já. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọmọ síṣẹ́ ni yóò yé jù.

Ẹkẹ tiwa, ẹnìkan sí ẹnìkan ni. Onílù ń lù, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, wọ́n ti dá a, ó parí. Ti ẹlẹ́ni-méjì yàtọ̀. Ẹni mẹ́rin ló jọ jáde, ṣùgbọ́n méjì péré ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wà nínú okùn lẹ́ẹ̀kan. Ìkejì kálukú á dúró síta ní igun tirẹ̀, á di okùn kékeré kan mú, á na ọwọ́. Ìyà ìbáà máa jẹ ẹnìkejì rẹ̀ níwájú rẹ̀, kò gbọdọ̀ wọlé àfi tí wọ́n bá fọwọ́ kan ara wọn. Ìfọwọ́kàn yẹn ni táàgì. Ibẹ̀ ni gbogbo adùn rẹ̀ wà: ẹni tó ń rákò, ìka tó kù bí irun kó kan ìka, ọ̀tá tó fà á lẹ́sẹ̀ padà. Bí wọ́n bá sì ká ẹ̀yìn ẹnìkan mọ́lẹ̀ tí rẹfirí ka ẹ̀ta, àwọn méjèèjì ló pàdánù, bí ẹnìkejì ò tilẹ̀ làágùn.

Mo mọ táàgì kí n tó mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Bàrígà, tẹlifísọ̀n kan ló wà nínú ilé oníyàrá méjìlá tí a ń gbé, yàrá àbúrò onílé ló sì wà. Bí wọ́n bá ń ṣe rẹ́sílìn lálẹ́ Sátidé, ojú fèrèsé rẹ̀ di ọjà. Fèrèsé náà ga, korobá ọ̀dà kan ṣoṣo ló wà tí a lè gùn. Èmi àti ọmọ yàrá kejì la jọ ní in. Òun á gùn ún, á máa ròyìn fún mi nísàlẹ̀: "Ó ti gbé e o! Ó ti là á mọ́lẹ̀!" Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, á na ọwọ́ sílẹ̀, màá fọwọ́ kàn án, màá gùn. Bí a bá pariwo jù, àbúrò onílé á pa tẹlifísọ̀n, á ní ó ti tán. A mọ̀ pé kò tíì tán.

Nígbà tí mo wá ń ka ìtàn Japan, mo rí ojú fèrèsé wa níbẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 1954: ogun ti run ilẹ̀ náà, ẹni tó ní tẹlifísọ̀n nílé kò tó nǹkan, ilé iṣẹ́ tẹlifísọ̀n wá gbé e sí ojú pópó, sí iwájú ibùdókọ̀ ojú irin. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, èrò rọ́ yí wọn ká. Rikidozan, tó ti ja sumo rí, tí wọ́n bí ní Korea tí kò sì jẹ́ kí ayé mọ̀, òun àti Masahiko Kimura, ọ̀gá nínú judo, kojú Ben àti Mike Sharpe, tẹ̀gbọ́n tàbúrò láti Canada, òmìrán méjèèjì. Bí Rikidozan ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá òyìnbó láyà, bẹ́ẹ̀ ni ìgboro ń hó.

Ẹ kíyè sí i: ìjà ẹlẹ́ni-méjì ló sọ rẹ́sílìn di ìlú-mọ̀ọ́ká ní Japan. Níbòmíràn, oyè ẹnìkan ni ọba, ti ẹlẹ́ni-méjì ń tẹ̀ lé e bí ìránṣẹ́. Ní Japan, àjọjà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ mọ̀.

Àjọṣe àkọ́kọ́ yẹn kò sì pẹ́ tó fi bàjẹ́. Kimura rí i pé òun ni wọ́n ń fi jìyà nínú ìjà náà, Rikidozan á wá wọlé gba ògo. Ó ráhùn sínú ìwé ìròyìn. Kí ọdún náà tó parí, ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, àwọn méjèèjì kojú ara wọn, Rikidozan lù ú bí ẹni lu bàrà. Ní 1963 ni ẹnìkan gún Rikidozan lọ́bẹ, ó sì kú ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló fi sílẹ̀ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ìjà lọ́jọ́ kan náà ní 1960: Giant Baba àti Antonio Inoki. Àwọn náà di ẹlẹ́ni-méjì, wọ́n gba oyè International ní 1967, kò sí ẹlẹ́ni-méjì tó lókìkí tó wọn. Nígbà tó di 1972, wọ́n ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Inoki dá ilé ìjà New Japan sílẹ̀ nínú oṣù Kìn-ín-ní, Baba dá All Japan sílẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá. Ọ̀gá kan, ọmọ iṣẹ́ méjì, ṣọ́ọ̀bù méjì tó dojú kọ ara wọn. Mo rí àwọn kan tó ń rẹ́rìn-ín níwájú. Ẹ ti mọ òpópónà tó ti ṣẹlẹ̀ níhìn-ín.

Ilé méjèèjì ló ní oyè ẹlẹ́ni-méjì tirẹ̀. Ti New Japan, IWGP, bẹ̀rẹ̀ ní 1985, Tatsumi Fujinami àti Kengo Kimura ló kọ́kọ́ gbà á. Ti All Japan, oyè méjì ni wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1988, nígbà tí Jumbo Tsuruta àti Yoshiaki Yatsu gbà á lọ́wọ́ Road Warriors, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń kun ojú. Ti All Japan yìí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀.

Ní ilé Baba, wọ́n ní ohun tí wọ́n ń pè ní tsukebito. Ọ̀dọ́ tó bá ń kọ́ṣẹ́ ìjà, wọ́n á fi í ti àgbà kan lẹ́yìn. Òun ni yóò gbé báàgì ọ̀gá, òun ni yóò fọ aṣọ rẹ̀, òun ni yóò ha á lẹ́yìn nínú ilé ìwẹ̀. Ẹnu kọ́ ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ lo ti ń wò. Mo ti lo ìsinmi kan rí ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú níhìn-ín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ Kord. Ọmọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ti lo oṣù mẹ́fà, kò tíì fọwọ́ kan píléètì ìtẹ̀wé. Róla ló ń fi pẹtiróòlù fọ̀ lálaalẹ́. Láàárọ̀, á gbé bébà, á tẹ̀ ẹ́ ní etí, á fi àtàǹpàkò fẹ́ ẹ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, kí méjì má baà lẹ̀ pọ̀ wọ inú ẹ̀rọ. Ọ̀gá jókòó, ojú rẹ̀ ò sí lára ẹ̀rọ, etí rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ẹ̀rọ yí ohùn díẹ̀, ọmọ náà ti pa á kí ọ̀gá tó dìde. Ọ̀gá ò yìn ín. Lọ́jọ́ kejì ló fún un ní píléètì.

Oyè ẹlẹ́ni-méjì ni píléètì ní Japan. Àgbà á mú ọ̀dọ́ kan, á ní wá dúró ní igun mi. Mitsuharu Misawa mú Kenta Kobashi, tó ti jẹ́ tsukebito fún Baba fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 1995, ní Budokan, wọ́n fi oyè wọn kojú Toshiaki Kawada àti Akira Taue. Kawada yìí ti jẹ́ ẹnìkejì Misawa rí. Ilé ìwé kan náà ni wọ́n lọ. Òun ló tú okùn ìbòjú Misawa lẹ́yìn orí lọ́jọ́ tí Misawa bọ́ ìbòjú Tiger Mask sọnù láàárín ìjà ní 1990. Ìjà 1995 yìí lé ní ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n di ẹsẹ̀ Kobashi ní báńdéèjì, wọ́n sì ń ta á níbẹ̀ títí kò fi lè dìde mọ́. Nígbà tí wọ́n kọjú sí Misawa nílẹ̀, Kobashi wọ́ ara rẹ̀ lọ, ó dùbúlẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ lórí, ó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gba ìpá. Wọ́n fà á kúrò. Kawada ká Misawa mọ́lẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Baba kú ní 1999. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Misawa bá opó rẹ̀ jà lórí bí wọ́n ṣe ń darí ilé náà, ó jáde. Nínú àwọn ọmọ Japan tó wà nílé, Kawada àti Masanobu Fuchi nìkan ló kù tí wọn ò tẹ̀ lé e. Ó pe ilé tuntun rẹ̀ ní Noah, torí ọkọ̀ Nóà inú Bíbélì, láàárín àwọn tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe onígbàgbọ́. Ní 2001 ni ọkọ̀ náà dá oyè GHC ẹlẹ́ni-méjì sílẹ̀. Vader àti 2 Cold Scorpio, ará Amẹ́ríkà méjì, ló kọ́kọ́ gbà á.

Mo ti ń fà á, ṣùgbọ́n a ní láti dé Hiroshima. Ní oṣù Kẹta ọdún 2009, tẹlifísọ̀n Nippon kò gbé Noah sáfẹ́fẹ́ mọ́. Owó já. Misawa ni ààrẹ ilé, òun náà sì ni orúkọ tí èrò ń tìtorí rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ó ń jà lọ, ọrùn rẹ̀ ti ń dùn ún tipẹ́. Ó mú Go Shiozaki, ọmọ ẹ̀yìn Kobashi, wọ́n jọ ń lépa oyè GHC náà. Ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà, ní Hiroshima, wọ́n kojú àwọn tó ni ín, Akitoshi Saito àti Bison Smith. Saito gbá Misawa mú látẹ̀yìn, ó gbé e fò sẹ́yìn, irú èyí tí Misawa ti ṣubú lé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Rẹfirí bi í bóyá ó lè mira. Ó ní òun ò lè mira. Ilé ìwòsàn ló kú sí lóru ọjọ́ náà. Ọjọ́ márùn-ún ló kù kó pé ọmọ ọdún 47.

Shiozaki wà ní igun lálẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, Noah ṣì ní ìjà ní Fukuoka, oyè ẹnìkan sì ṣófo torí Jun Akiyama tó ni ín ti fara pa. Wọ́n ti Shiozaki síta, ó kojú Takeshi Rikio, ó sì gbà á. Ó di ọ̀gá pátápátá láàárín ọjọ́ kan. Kò sẹ́ni tó ń gbàdúrà irú fúrídọ̀ọ̀mù bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹnìkan ń rò lẹ́yìn lọ́hùn-ún: "Prófẹ́sọ̀, ṣé wọn kì í ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀ ni?" Wọ́n ń ṣètò rẹ̀. Wọ́n mọ ẹni tí yóò borí kí wọ́n tó jáde. Ṣùgbọ́n bí eégún bá jáde ní ìta yín, ta ló ń lọ ṣí aṣọ rẹ̀ wò? Gbogbo wa la mọ ohun tó wà lábẹ́ agọ̀, a sì ń sá fún pàṣán. Èyí tí wọn ò lè ṣètò ni ilẹ̀. Ilẹ̀ tí Misawa bọ́ lé kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn.

Ó wá ku Marufuji. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tsukebito Misawa ni. Báàgì Misawa ló gbé. Ó bá ọ̀gá rẹ̀ wọ ọkọ̀ Nóà, ó sin òkú rẹ̀, ó sì wà nílé náà títí irun rẹ̀ fi ń bọ́ sí ọ̀nà àgbà. Sugiura tí wọ́n jọ ni oyè, 1970 ni wọ́n bí i. Àwọn àgbà méjì yìí ni ọmọ Èkó wá bá ní Budokan, òun tí kò fọ aṣọ ẹnikẹ́ni ní Japan.

Mo bi ara mi bóyá ó jẹ gbèsè. Mo wá wò ó dáadáa. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, ní WrestleMania 37, ó gba oyè ẹlẹ́ni-méjì ti WWE lọ́wọ́ Kofi Kingston, tí wọ́n bí ní Ghana, àti Xavier Woods. Ta ló wà ní igun rẹ̀? AJ Styles, tí orí rẹ̀ ò ju àyà Omos lọ, tó ti jẹ ọba New Japan fúnra rẹ̀ rí. Styles ló wọlé lọ jìyà fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Omos dúró síta, ó di okùn mú, ó ń wo iṣẹ́ látẹ̀yìn ọ̀gá. Nígbà tí táàgì kàn án, kò gba àárín okùn wọlé bí àwa tó kù. Ó gbé ẹsẹ̀ ré okùn òkè kọjá.

Kò pẹ́ ní Japan kó tó padà sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní àdúgbò Pedro, tí mo fi fídíò ìjà Budokan hàn, kò bi mí léèrè oyè kankan. Ó ní, "Ọmọgbẹ̀hìn? Ọmọ wa ni." Ó tún un wò lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ń rántí korobá ọ̀dà wa. Bí wọ́n bá bí i ní ìgbà tiwa, sí ojúlé tiwa ní Bàrígà, kò ní bá wa du korobá. Ẹ̀yìn gbogbo wa ni ì bá dúró sí, kó máa wo tẹlifísọ̀n lókè orí wa wẹ́rẹ́, kó sì máa ròyìn fún wa.